Ẹ̀yìn Tí Mo Ń Fi Òrí Pa

Ẹ má bínú pé "ó" ni mo máa pe ọkọ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi pè é ní "wọ́n": wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Kò sí agbára àpọ́nlé yẹn lára mi mọ́. Ezekiel ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, alàgbà nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í náwó sófo.

Àpò sìmẹ́ǹtì ni Ezekiel fi ń díwọ̀n ohun gbogbo láyé. Ọdún méjìdínlógún la fi kọ́ ilé wa, èyí tí a ti ń rí òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé kíṣìnnì, mo sì rò pé láàrin ọdún wọ̀nyẹn ni sìmẹ́ǹtì wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ. Tí mo bá fi aṣọ hàn án, á ní, "Àpò mẹ́rin nìyẹn." Tí wọ́n bá pe ọ̀yà ní iye kan, á ní, "Àpò kan àti àbọ̀, ká kàn fi jẹun?" Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bí i nínú tó òtẹ́ẹ̀lì.

"Janet," á ní, "ṣé kí n gbé àpò mẹ́ta fún ẹni tó kàn fẹ́ kí n wá dijú nínú yàrá rẹ̀? Tí a bá ti dijú, ta ló tún mọ̀ bóyá orí ẹní la wà tàbí orí bẹ́ẹ̀dì?"

Nítorí náà, ibikíbi tí a bá lọ, ilé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ la máa ń wọ̀ sí. Ó ní kò sí ìlú tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kò sí, òótọ́ sì ni. Màá di iṣu méjì tó tóbi, a ó kanlẹ̀kùn, wọ́n á kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá kan, a ó sùn. Mi ò ṣe aláìmoore o. Àwọn èèyàn gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògoolúwa ọmọ wa gboyè ní Ìbàdàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Oyèbámijí, ọmọ ìlú wa, ni mo sùn sí, láàrin àpò gààrí àti fìríjì tó ń bú ramúramù títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọdún 2017 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní Ìbàdàn kan náà. Ilé ìwòsàn ní kí n má kúrò nílùú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n lè máa wo ojú ọgbẹ́. Ògo ní kí á gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí, pé òun á wá bí a ṣe máa sanwó. Ezekiel ní rárá. Ọjọ́ méje ni mo fi sùn lórí àga gígùn nínú pálọ̀ Oyèbámijí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá ti pariwo "Góòlù!", ara mi á ta gìrì, ojú ọgbẹ́ á fà mí. Mi ò ráhùn. Mo ń sọ fún ara mi pé èmi àti ọkọ mi la jọ ń fara dà á. Ohun tó gbé mi ró nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: mo mọ̀ pé tí kò bá sí fún mi, kò sí fún òun náà.

Ezekiel ní oko kaṣú kan ní Òmùò-Èkìtì. Ìgbà tí ó ń ṣe tíṣà níbẹ̀ ló gbìn ín, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kàsímù ló sì ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù méjì méjì, Ezekiel á lọ wo oko, á sun ọjọ́ méjì nílé Kàsímù, á padà. Kò sí ìgbà tó lọ rí tí mi ò di iṣu méjì fún Sàdíátù, ìyàwó Kàsímù, nítorí ẹni tó ń gba ọkọ rẹ sílé, o kò lè máa wò ó lọ́wọ́ òfo.

Tó bá dé, ìbàdí ló máa ń fi ọwọ́ dì mú láti ẹnu géètì. "Janet, ẹní Kàsímù yìí á pa mí." Màá sáré yọ́ òrí pọ̀ mọ́ àdí lórí iná. Á dojú bolẹ̀ lórí àga pálọ̀, màá ká bùbá rẹ̀ sókè, màá fi òrí náà pa á láti ọrùn dé ìbàdí, màá máa wọ́ ọ títí ọrùn ọwọ́ tèmi náà á fi máa dùn mí. Òun á máa kérora. "Ubẹ̀ yẹn. Ubẹ̀ gan-an, Janet." Mo máa ń káàánú rẹ̀ débi pé omi á fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ẹni tí mo ń bínú sí ni Sàdíátù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ iṣu rẹ á wá ọ̀nà kí ọ. Kódà tó bá jẹ́ orí fóònù ni, á sọ pé ẹ ṣé o, uṣu yẹn mà dùn o. Ọdún ń gorí ọdún, n kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu obìnrin yẹn. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, Sàdíátù wọkọ̀ láti Òmùò wá bá wa ṣòkú, ó ru ìgò kaṣú yíyan méjì wá. Imú ni mo fi dá a lóhùn. Oúnjẹ tirẹ̀ ni mo bù kẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo sì ti bù ú. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo ní kí n sọ eléyìí kí ẹ lè mọ ohun tí èmi náà ṣe.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Kàsímù fẹ́ fa Ṣùkúrátù ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún márùndínlógójì. Ògo pè mí láti Ìbàdàn.

"Mọ́mì, ẹ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì tó dáa lóru ọjọ́ yẹn. Mo ti rí ọ̀kan ní Òmùò. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ni."

"Ha! Àpò mẹ́ta àti àbọ̀?"

"Mọ́mì! Èmi ni mo fẹ́ sanwó ọ̀hún. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ gbà."

Mi ò gbà lọ́jọ́ yẹn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò ó. Kí ló lè wà nínú yàrá kan tó máa tó iye yẹn? Omi tó ń gbóná fúnra rẹ̀, a ní ìkòkò nílé. Éésì, afẹ́fẹ́ Olósùnta ń fẹ́ sí wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wá mú mi gbà ni ẹ̀yìn Ezekiel. Mo ní ó ti tó kí ọkùnrin yìí fi ẹ̀yìn lé nǹkan rírọ̀ ní Òmùò lẹ́ẹ̀kan péré kí ó tó kú. Tí òru kan bá lè fún un ní ìsinmi, owó náà kò pọ̀ jù. Mo pe Ògo, mo ní kó san án.

Mo sọ fún Ezekiel. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá mi jà á. Ó ní kò sí omi níbẹ̀. Ó ní ìdun wà nínú bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ní àwọn ọ̀mùtí ló ń sùn síbẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" mo bi í.

"Wọ́n sọ fún mi ni."

Ọjọ́ Ẹtì la gbéra nínú mọ́tò wa, mo di iṣu méjì mi sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì fi ìgò òrí kékeré kan sínú báàgì, torí mo mọ̀ pé wíwa ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbádùn. A gba Adó. Nígbà tí a dé Ìjàn-Èkìtì, ó pa mọ́tò sí ẹ̀bá ọ̀nà.

"Janet, jẹ́ ká sùn sí ulé Kàsímù. Inú ọ̀rẹ́ mi á bàjẹ́ tó bá gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì la sùn sí."

"Ògo ti sanwó," mo ní. "Ẹ ṣáná sí mọ́tò."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la dé. Ilé funfun ni, wọ́n gbin òdòdó yíká rẹ̀, wọ́n sì gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Faith, tó tó ẹni ogójì ọdún, ló ń gba àlejò níbẹ̀. Bí a ṣe wọlé báyìí, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín.

"Ha! Bàbá Ìkẹ́rẹ́! Ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ ò mà pè wá lọ́tẹ̀ yìí. A ti fún ẹlòmíì ní yàrá nọ́ńbà keje yín o." Ló bá rí mi, ó kúnlẹ̀. "Ṣé Màmá nìyí? Ẹ káàbọ̀ mà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí yín."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ṣi èèyàn mú ni. Mo yíjú sí Ezekiel. Fáànù òkè àjà ló tẹjú mọ́, bí ẹni tí wọ́n pè wá tún un ṣe.

"Ta ni wọ́n máa ń mú wá síbí?" mo bi Faith.

"Bàbá kẹ̀? Àwọn nìkan ni o, mà. Wọn kì í gbàlejò rárá. Wọ́n á jẹun, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á sùn. Bàbá fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkàn mi balẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò pé ìṣẹ́jú kan. Faith bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde lábẹ́ tábìlì. Bàtà sílípáàsì kan ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí mo rà lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, tí Ezekiel ní wọ́n jí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú yàrá, sà," ó ní. Ó wá rí ohun tí mo gbé dání. "Uṣu ti dé! Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí kíṣìnnì. Ṣé kí wọ́n máa gún un báyìí ni, àbí bíi ti tẹ́lẹ̀, tí Bàbá bá jí?"

Mo di iṣu mi mú. Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

"Láti ìgbà wo ni Bàbá ti ń wá síbí?"

"Láti ìgbà tí a ti ṣí i ni mà. Ọdún 2015. Àwọn ni oníbàárà wa àkọ́kọ́." Inú rẹ̀ ń dùn. Kò mọ nǹkan kan.

"Tó bá jẹ́ ẹni méjì ló fẹ́ sùn, èló lẹ ń gbà lé e?"

"A kì í gba nǹkan kan lé e, mà. Ẹnì kan ni o, ẹni méjì ni o, iye kan náà ni. Yàrá là ń tà, a kì í ka orí."

Nọ́ńbà kejìlá ni wọ́n fún wa. Ezekiel gbé báàgì wọlé, ó dúró síbi ilẹ̀kùn. Èmi lọ tààrà síbi bẹ́ẹ̀dì, mo bọ́ bàtà, mo sùn sórí rẹ̀. Ó gbà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí iṣẹ́ abẹ ti ń fà mí láti ọdún 2017 wá, ó dákẹ́. Éésì ń fẹ́ yẹ́ẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń rùn bí ọṣẹ tuntun, kò sí ariwo níbì kankan. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó tó àpò mẹ́ta. Ó tó àpò mẹ́wàá. Ezekiel sì ti mọ̀ láti ọdún 2015, ó mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀, ó wá ń sọ fún mi pé ojú tí a bá dì kò mọ ẹní yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì.

"Bẹ́ẹ̀dì yìí dáa, Ezekiel," mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba báyìí.

"Janet, kò sí obìnrin kankan. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo mọ̀. Ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin! Tó bá jẹ́ obìnrin ni, màá ní ó tàn ọ́ jẹ ni. Màá kó àwọn ọmọ ìyá mi lẹ́yìn, a ó lọ bá a nílé rẹ̀. Ta ni kí n wá bá jà báyìí, pílò?"

Ó jókòó sórí àga, ó ń fọwọ́ nu ojú.

"Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi," mo ní, "o fi mí sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. O ní o fẹ́ wá wo kaṣú. Èmi wà lórí àga Oyèbámijí. Níbo lo sùn?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà.

"Ezekiel, níbo lo sùn?"

"Níbí," ó ní.

Mo dìde jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ gbọ́. "Iye kan náà ni ẹnì kan àti ẹni méjì. Kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀ kan sí i. Kí ló dé tí o kò mú mi wá rí? Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

Mo dúró dè é. Ká ní ó sọ pé ojú ń ti òun ni, màá gbọ́. Ká ní ó sọ pé ariwo mi pọ̀ jù, pé ìsinmi ni òun ń wá, màá bínú, ṣùgbọ́n màá gbọ́. Mo ti ń wá àyè sílẹ̀ nínú ọkàn mi tí màá gbé ohunkóhun tó bá sọ sí.

"Kò wá sí mi lọ́kàn rí ni," ó ní.

Mo wo ojú rẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, n kò rò pé ó ti sọ òótọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé báàgì mi, mo gbé iṣu mi, mo jáde. Ọ̀kadà kan gbé mi dé ilé Kàsímù. Ilé kún fún àwọn àlejò ìyàwó, Sàdíátù ń bọ ẹran lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó rí mi, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sáré wá. Mo na iṣu sí i. Orí eékún ló ti gbà á.

"Màmá! Uṣu Ìkẹ́rẹ́! Ha, ẹ mà ṣé o! Mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́, n kò tí ì jẹ ẹ́ rí." Ó gbé e sókè fún àwọn obìnrin tó kù. "Ẹ wá wo uṣu tí Màmá gbé wá fún mi!"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló dúpẹ́. Ṣùkúrátù tó fẹ́ relé ọkọ náà jáde wá dúpẹ́. Mo dúró sáàrin wọn bí olè. Mo ń rántí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí mo ti bu oúnjẹ fún un.

"Sàdíátù, dárí jì mí," mo ní.

"Kí lẹ ṣe, Màmá?"

N kò lè sọ ọ́ tán. Mo kàn ní mo fẹ́ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

"Níbo lẹ máa sùn sí? Ẹní nìkan ló kù. Bàbá sọ fún wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn kò gba ẹní, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sùn sí ulé wa. A bẹ̀ wọ́n títí."

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yìn kan náà! Òun ló fi sọ fún wọn ní Òmùò pé òun kò lè sùn lórí ẹní, òun náà ló sì gbé wá fún mi ní Ìkẹ́rẹ́ pé ẹní ló ba òun ní ẹ̀yìn jẹ́.

Orí ẹní ni mo sùn, láàrin àwọn ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lè nàró dáadáa. Mo ń mu ògì lórí àpótí nígbà tí mọ́tò wa dé. Ezekiel sọ̀kalẹ̀. Ó ti wẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti gba áyọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó sùn.

"O sùn níbẹ̀?" mo ní.

"Ògo ti sanwó rẹ̀," ó ní. "Ṣé kó wá ṣòfò ni?"

Sàdíátù rọra kó àwọn ọmọ wọlé. Èmi fa báàgì mi súnmọ́ra, mo mú ìgò òrí jáde, mo nà án sí i. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," mo ní.

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ká bùbá mi sókè. Ó pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kàn mí. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi òrí náà pa mí káàkiri bí ẹni tó ń fi ọṣẹ fọ ògiri.

"Ṣé ubí ni?" ó bi mí.

"Rárá."

Ó sún ọwọ́ sókè. "Ubí ńkọ́?"

"Rárá."

"Níbo gan-an ló ń dùn ọ́, Janet?"

Mo gbé ògì mi, mo mu ún. Mo ní kó máa wá a lọ.